Nígbà tí agbẹ̀bí kò lè sọ bóyá akọ ni tàbí abo: ohun tí ẹ ó ṣe fún ọmọ intersex láti ọjọ́ ìbí títí tó fi dàgbà

"Ẹ kú ewu ọmọ" kì í tíì tán lẹ́nu ará ilé tí wọ́n fi máa ń béèrè pé, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ní ọjọ́ mìíràn, agbẹ̀bí á wo ìdí ọmọ títí, kò ní rí èsì fọ̀. Ohun tó rí gùn ju ido lọ, ó sì kéré sí okó. Tàbí kí ihò ìtọ̀ wà nísàlẹ̀ dípò orí okó. Tàbí kí àpò ẹpọ̀n wà, kí ó sì ṣófo. Àwọn ọmọ báyìí wà lára àwọn tí a ń pè ní intersex: ara wọn kò bá ọ̀nà méjì tí a mọ̀ mu délẹ̀délẹ̀, ì báà jẹ́ ní ojú ara, ní ilé ọmọ, ní kóró ẹpọ̀n, ní họ́mónù (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí ìdàgbà ara) tàbí ní kírómósóòmù (ohun tó gbé àbùdá ìran sínú ara). Kì í ṣe ọjọ́ ìbí ni a ń mọ gbogbo wọn. Òmíràn ti pé ọmọ ọdún 16 láìrí nǹkan oṣù kí ẹnikẹ́ni tó fura, òmíràn sì ti gbéyàwó, ó ń wá ọmọ kiri.

Òfin kan ni ẹ ó máa rí léraléra nínú ìlànà yìí. Ohun tó lè pa ọmọ, ẹ yára sí i. Ohun tí kò ṣeé dá padà, ẹ dá a dúró títí ọmọ yóò fi lè sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ibi ni òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́: wọ́n á fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ falẹ̀, wọ́n á wá sáré gbé ọ̀bẹ.

Ní yàrá ìbímọ

Agbẹ̀bí, ẹ má méfò. "Ó jọ ọkùnrin" tí ẹ bá sọ láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán àwọn ẹbí tó wà ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́, wọ́n sì ti ń fi orúkọ ránṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí fún ìyá: "Ọmọ yín ń mí dáadáa, ó sì ń sunkún dáadáa. Ojú ara rẹ̀ kò tíì fi hàn kedere bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. A máa ṣe àyẹ̀wò, a ó sì sọ fún yín." Kí bàbá wà níbẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má baà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ má pe gbogbo nọ́ọ̀sì inú ilé wá wòran, kí ẹnikẹ́ni má sì fi fóònù ya ìdí ọmọ.

Ẹ wá yẹ ọmọ wò pẹ̀lú ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, nítorí ọwọ́ tútù máa ń mú kí kóró ẹpọ̀n sá lọ sókè. Ẹ fi ìka kan tẹ ibi tí itan ti pàdé ikùn, kí ẹ rọra fà á wá sísàlẹ̀, kí ìka ọwọ́ kejì máa dúró dè é. Ohun tí ẹ ń wá dà bí ẹ̀wà kékeré tó ń yọ̀ lábẹ́ awọ. Ẹ ka iye ihò tó wà, kí ẹ wo ibi tí ìtọ̀ ti ń jáde gan-an. Nínú ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, okó tí a bá fà gùn tí kò tó sẹ̀ntímítà 2.5 kéré, ido tó bá sì ju bíi sẹ̀ntímítà 1 lọ tóbi. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ti rí i, ẹ má kọ ìdájọ́.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: ọmọ tó jọ ọkùnrin pátápátá, tí ẹ kò sì rí kóró ẹpọ̀n kankan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í ṣe ọmọ tí ẹ ó sọ pé "yóò sọ̀ kalẹ̀ tó bá yá", kí ẹ sì jẹ́ kó lọ sílé. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ní ilé ọmọ àti ilé ẹyin nínú, tí họ́mónù ti sọ ojú ara rẹ̀ di bí ti ọkùnrin látinú oyún. Àìsàn àbímọ́ni tó ń fa èyí ni CAH (congenital adrenal hyperplasia), òun náà ló sì ń pani.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló léwu

Ẹran kékeré méjì kan wà tó jókòó lórí kíndìnrín, tó ń ṣe họ́mónù tí ara fi ń di iyọ̀ mú tí ó sì fi ń dojú kọ àìsàn. Nínú CAH, èròjà kan tó yẹ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Nínú bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní i, 21-hydroxylase ni èròjà náà. Họ́mónù tó yẹ kó di iyọ̀ mú kò sí, èyí tó ń sọ ara di akọ á wá pọ̀ jù. Ọmọ á máa tọ iyọ̀ dànù. Ní ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìbí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò ní mu ọmú dáadáa mọ́, á máa fọn, ojú rẹ̀ á jìn. Àwọn ènìyàn á ní inú ló ń run ún, wọ́n á fún un ní àgbo tàbí gripe water. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ọmọ lè kú.

Nítorí náà, kí ọmọ wà nílé ìwòsàn tàbí kó máa padà wá déédéé títí ọ̀sẹ̀ kejì yóò fi kọjá. Àyẹ̀wò tí ẹ ó béèrè nìwọ̀nyí. 17-OHP nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tó máa ń pọ̀ jù nínú CAH, lẹ́yìn wákàtí 48: bí ẹ bá gbà á ṣáájú ìgbà yẹn, wàhálà ìbí nìkan tó láti gbé e sókè, èsì á sì ṣini lọ́nà. Sódíọ̀mù àti pọ̀táṣíọ̀mù, láti ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Bí sódíọ̀mù bá ń wálẹ̀ tí pọ̀táṣíọ̀mù sì ń gòkè, ìtọ́jú kò gbọdọ̀ dúró de èsì mìíràn. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀. Skáànù ikùn láti wá ilé ọmọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló dára jù, torí họ́mónù ìyá ṣì mú kí ilé ọmọ náà wú díẹ̀ tó fi rọrùn láti rí. Kírómósóòmù lè pẹ́ lọ́sẹ̀ mélòó kan kí èsì tó dé, ẹ má sọ òun di ohun tí gbogbo yòókù ń dúró dè. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, ni kí ẹ kọrí sí. Dókítà ọmọdé tó mọ̀ nípa họ́mónù ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe dókítà oníṣẹ́ abẹ.

Ẹbí tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà. Bí AS méjì ṣe ń fẹ́ ara wọn ni CAH ṣe ń jogún: bàbá àti ìyá gbé e láìmọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní àǹfààní 1 nínú 4 láti ní i. Ọmọkùnrin tó ní CAH kì í ṣe intersex, ojú ara rẹ̀ kò ní àmì, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fura sí i. Yóò kàn bì, yóò gbẹ, yóò sì lọ. A ti pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní àbíkú láìmọye ìgbà. Ẹ̀gbọ́n tó kú yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí tí yóò gba àbúrò là.

Oògùn, bí a ṣe ń lò ó nílé

Oògùn CAH méjì ni, hydrocortisone àti fludrocortisone (èyí tó ń mú kí ara di iyọ̀ mú), pẹ̀lú iyọ̀ ìsebẹ̀. Ìwọ̀n tí dókítà kọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Fún ọmọ jòjòló, hydrocortisone sábà máa ń wà ní àyíká míligíráàmù 1 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀. Hóró oògùn kò sí ní ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí dókítà bá ní kí ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ lọ hóró kan tó jẹ́ míligíráàmù 10 kúnná, ẹ fi ṣíríńjì wọn mílílítà 10 omi tó ti hó tó sì ti tutù sí i, ẹ rò ó pọ̀. Mílílítà 1 nínú rẹ̀ ni míligíráàmù 1. Oògùn yìí kì í yòrò tán, ńṣe ló ń sìlẹ̀. Bí ẹ bá rò ó tán, tí ẹ lọ dá ẹnì kan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó fà á, omi lásán ni ọmọ máa mu. Ẹ rò ó, ẹ fà á lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ sì da ìyókù nù. Èyí tí ẹ bá gbé pamọ́ di ọ̀sán kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Iyọ̀ tí ọmọ tó ń tọ iyọ̀ nù nílò jẹ́ gíráàmù 1 sí 2 lóòjọ́, tí a pín sínú oúnjẹ rẹ̀. Ṣíbí tíì tí iyọ̀ kún dọ́gba lẹ́nu tó gíráàmù 5 sí 6, ẹ kò gbọdọ̀ fi ojú díwọ̀n. Ẹ gbé iyọ̀ lọ sí ilé oògùn kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín, kí ẹ lè mọ bí ti ọjọ́ kan ṣe rí. Fludrocortisone máa ń ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń wọ́n. Ẹ rà á kí tọwọ́ yín tó ku ti oṣù kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi dexamethasone rọ́pò torí ó pọ̀ lọ́jà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín: ó lágbára jù fún ọmọ tó ń dàgbà, kì í sì í jẹ́ kó ga.

Bí ara ọmọ bá gbóná kọjá 38°C, hydrocortisone á di ìlọ́po méjì. Bó bá kọjá 39°C, ìlọ́po mẹ́ta. Bí ó bá bì í láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un fún un. Bí ó bá tún bì í, abẹ́rẹ́ hydrocortisone ló kù: míligíráàmù 25 sínú itan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìyẹn mílílítà 0.5 nínú ìgò míligíráàmù 100 tí a pò pẹ̀lú mílílítà 2, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn tààrà. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ ẹni méjì nínú ilé ní bí a ṣe ń gún un, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í sábà sí nílé lóru tí wàhálà dé.

Ìsọmọlórúkọ, àgbò àti oníkọlà

Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni a ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin. Ọjọ́ kẹjọ tí gbogbo ènìyàn ń lò báyìí ti mú ìyẹn kúrò lọ́nà. Orúkọ pẹ̀lú kì í ṣe ìṣòro: Ayọ̀mídé, Tèmítọ́pẹ́, Olúwatóbi, Ìfẹ́olúwa, Táíwò, Kẹ́hìndé, gbogbo wọn ló bá ẹnikẹ́ni mu. Àwọn tí ẹ ó ṣọ́ra fún ni Babátúndé àti Yétúndé, Òjó àti Àìná, àti oríkì, nítorí Àkànní yàtọ̀ sí Àṣàkẹ́. Ẹ bẹ ìyá àgbà pé kó fi oríkì dúró ná.

Fún Mùsùlùmí, àgbò ló ń tú àṣírí: méjì fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, àwọn aládùúgbò sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ lọ bá àlùfáà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó kàwé nínú wọn mọ̀ pé ìwé fíkíhì (òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù) ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú ọmọ yìí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, khuntha ni wọ́n ń pè é, àti pé a lè sún àgbò sí ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ìkọkànlélógún.

Oníkọlà ni kí ẹ lé jìnnà. Bí ihò ìtọ̀ kò bá sí ní orí okó, ẹ má dá a ní ilà rárá, torí awọ tí ẹ fẹ́ gé sọnù yẹn ni oníṣẹ́ abẹ máa ń lò bí ọmọ bá fẹ́ àtúnṣe lọ́jọ́ iwájú. Bí ó bá sì jẹ́ ido ló tóbi, ìyá àgbà lè ní kí wọ́n "gé e mọ́ níwọ̀n". Iṣan tí ènìyàn fi ń mọ adùn wà níbẹ̀, bí a bá gé e, kì í padà. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó de ìwà ipá sí ènìyàn ní Nàìjíríà, sì ka dídá abẹ́ fún obìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀.

Pípín sí akọ tàbí abo

Ẹ lè tọ́ ọmọ bí obìnrin tàbí bí ọkùnrin láìfi ọ̀bẹ kàn án. Orúkọ, aṣọ àti ìwé ṣeé yí padà. Ara tí a bá gé kò ṣeé dá padà. Ohun tí dókítà máa ń wò ni orúkọ àìsàn náà àti ohun tí àwọn tó ní irú rẹ̀ sọ nípa ara wọn nígbà tí wọ́n dàgbà, èyí sì yàtọ̀ gidigidi láti orí ọ̀kan dé èkejì. Ọmọ tí kírómósóòmù rẹ̀ jẹ́ XX bíi ti obìnrin, tó ní CAH, tí a tọ́ bí obìnrin sábà máa ń gba ara rẹ̀ ní obìnrin. Nínú àkójọ àyẹ̀wò kan ní 2005 lórí 250 irú wọn, bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà dà láàmú gan-an. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbọ́ họ́mónù akọ rárá, tí kírómósóòmù rẹ̀ jẹ́ XY bíi ti ọkùnrin, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ obìnrin nígbà gbogbo nínú ọkàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn XY tí 5-alpha reductase, èròjà tó ń sọ họ́mónù akọ di alágbára sí i, kò tó lára wọn, tí a tọ́ bí obìnrin, ju ìdajì lọ ló ń di ọkùnrin lẹ́yìn tí wọ́n bàlágà. Ní abúlé Salinas ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, àwọn ará ibẹ̀ ti mọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ti fún wọn lórúkọ kí àwọn dókítà tó kọ̀wé nípa wọn ní 1974. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ẹ kò bá tíì mọ orúkọ àìsàn náà, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ń yàn.

Ọ̀bẹ lè dúró

Láti àwọn ọdún 1950 ni John Money, onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ti kọ́ ayé pé kí a yára gé, kí a rán, kí a sì má sọ fún ọmọ. Àwọn ọmọ yẹn dàgbà, wọ́n sì sọ̀rọ̀: ibi tí kò mọ nǹkan lára mọ́, àpá tó ń fún, iṣẹ́ abẹ kan tó ń bí òmíràn. Ní 1993 Cheryl Chase, tó jẹ́ intersex fúnra rẹ̀, dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Málítà fòfin de irú iṣẹ́ abẹ yìí lára ọmọ tí kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ ní 2015. Ní 2023 àjọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti Áfíríkà náà ṣe ìpinnu lórí ààbò wọn. Kẹ́ńyà ka 1,524 wọn nínú ètò ìkànìyàn 2019, òfin ọmọdé wọn ti 2022 sì dárúkọ ọmọ intersex.

Ohun tó jẹ́ pàjáwìrì nítòótọ́ kò pọ̀: ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, ìpákè tó há, kóró ẹpọ̀n tó lọ́. Fún èyí tó kù, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ: Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìlera ọmọ yìí bí a bá dúró fún ọdún mẹ́wàá? Ṣé ẹ ó gé nǹkan tó ní ìmọ̀lára? Ṣé ẹ ó yọ kóró tàbí ilé ẹyin, ta ni yóò sì máa ra họ́mónù fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀? Bí èsì ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ "kí àwọn ènìyàn má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́", ẹ ti rí i pé ara ọmọ kọ́ ló ń béèrè iṣẹ́ náà.

Ìwé

Ìwé ẹ̀rí ìbí ti NPC (àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà) kò ní ju akọ tàbí abo lọ, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọdé. Ẹ má sáré gbà á ní ọjọ́ kẹta. Ẹ dúró de àyẹ̀wò, torí ohun tó wà nínú ìwé yẹn ló ń bá ọmọ dé NIN, WAEC àti páálì ìrìnnà. Nàìjíríà kò tíì ní òfin tó ṣàlàyé bí ọmọ intersex ṣe lè tún un ṣe. Nítorí èyí, ẹ gba lẹ́tà dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ní orúkọ àìsàn náà, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n, àti gbólóhùn pé ìdí ìṣègùn ló fà á. Ẹ fi àwọn ìwé gidi pamọ́, kí ẹ sì máa gbé ẹ̀dà kiri.

Bí ó ṣe ń dàgbà

Àṣírí ni ọ̀pọ̀ wọn sọ pé ó dun àwọn ju àpá lọ. Ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ kọ́ ọ ní orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ ní imú àti etí, kí ẹ sì sọ pé ara ènìyàn kò rí bákan náà. Ní ọdún méje, kí ó mọ ìdí tó fi ń lo oògùn. Ní ọdún mẹ́wàá, kí ìbàlágà tó dé, kí ó mọ ohun tí ara rẹ̀ máa ṣe àti ohun tí kò ní ṣe: bóyá nǹkan oṣù á wá, bóyá ohùn á yí, bóyá yóò lè bímọ. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ní CAH lè lóyún bí wọ́n bá ń lo oògùn wọn dáadáa. Nílé ìwòsàn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá dúró yí ibùsùn ká. Bí ọmọ bá ti lè sọ̀rọ̀, òun ni kí wọ́n bi.

Bí ó bá fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé, ẹ lọ wo balùwẹ̀ kí ẹ tó san owó. Ibi tí gbogbo ọmọ ti ń wẹ̀ papọ̀ yóò ni ín lára, bákan náà ni àgọ́ NYSC. Olùkọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí yóò mọ̀ nípa abẹ́rẹ́, ti tó.

Ọmọbìnrin tí ìpákè yọ sí lábẹ́ ikùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tàbí tí ọmú ti yọ tí irun abẹ́ kò sì hù, tí nǹkan oṣù kò dé ní ọdún 15 tàbí 16, ẹ gbé e lọ fún skáànù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé. Bí wọ́n bá rí kóró ẹpọ̀n nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù mú yín yọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ kò gbọ́ họ́mónù akọ rárá, ewu jẹjẹrẹ kéré kí ó tó bàlágà tán, kóró yẹn náà ló sì ń fún un ní họ́mónù tó ń mú ọmú yọ tó sì ń mú egungun le. Bí ó sì jẹ́ pé ohùn ọmọbìnrin kan ló ń di ti ọkùnrin ní ọdún 12, tó ní òun kì í ṣe obìnrin, ẹ gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó gbé oògùn kankan fún un, ẹ má sì fi lé wòlíì lọ́wọ́.

Nígbà tó bá pé ọdún 18, fáìlì náà di tirẹ̀. Ohun tó yẹ kó bá nínú rẹ̀ ni: èsì kírómósóòmù àti 17-OHP, fọ́ọ̀mù skáànù, àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú èsì lábù lórí ohunkóhun tí wọ́n yọ, ìwọ̀n oògùn ọdún dé ọdún, lẹ́tà dókítà fún ìwé ìjọba, àti nọ́ńbà fóònù dókítà tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.